Áàpù Tí Ìyá Ìwé Gbá Sínú Agbọ̀n Ìdọ̀tí

Bí ìwé ìgbéyàwó kan bá dé ọwọ́ rẹ ládùúgbò wa, tí lẹ́tà inú rẹ̀ tò bí eyín ọmọge, má wulẹ̀ bèèrè: iṣẹ́ Ìyá Ìwé ni. Òun ló ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Atẹ̀wé, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta sí àárín yàrá.

Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ni Ìyá Ìwé ti ń lo Windows, ó sì ní àṣà kan. Bó bá fẹ́ ṣíwọ́, a gbá ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni gbálẹ̀. Gbogbo àwòrán kékeré tó bá rí níbẹ̀, ó di inú agbọ̀n ìdọ̀tí, a sì da agbọ̀n náà nù. Kò séwu, nítorí ọ̀nà àbùjá lásán tó ń já sí áàpù ni wọ́n; áàpù fúnra rẹ̀ fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ bí ìgbín sínú ìkarahun. Ẹni tó bá fẹ́ lé e kúrò lóòótọ́ yóò wọ inú sẹ́tíǹgì, yóò wá orúkọ rẹ̀ kàn, ẹ̀rọ yóò sì tún bi í bóyá ó dá a lójú.

Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ayàwòrán, gbé kọ̀ǹpútà Mac rẹ̀ àtijọ́, tí kì í lo Windows, wá fún un. Ìyá Ìwé wá sẹ́tíǹgì áàpù tó fi ń to ìwé títí, kò rí i. Lórí Windows, áàpù yìí a fi tirẹ̀ síhìn-ín, tọ̀hún a fi síbòmíràn. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Ẹ wo òkè pátápátá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tẹ orúkọ áàpù náà. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń fi í sí."

"Gbogbo wọn? Àwọn yìí mà gbọ́ra wọn yé o!"

Inú rẹ̀ dùn. Ó tún ààlà, ìrísí lẹ́tà àti ìwọ̀n ojú-ìwé ṣe sínú áàpù tó fi ń to ìwé, títí ó fi rí bó ṣe fẹ́.

Nígbà tó yá, obìnrin aránṣọ kan ń fọmọ fọ́kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an, ìyá ìyàwó yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ìwé ètò ìsìn. Ìyá Ìwé ṣí Finder, ibi tí Mac ń to fáìlì sí, kó lè wá fọ́tò ìyàwó. Ló bá já sínú fóódà kan tó kún fún àwòrán kéékèèké.

"Ta ló da pàǹtí síbí?" Ó gbá wọn dà sínú agbọ̀n. Ó fẹ́ da agbọ̀n nù báyìí ni Atẹ̀wé kígbe:

"Ìyá Ìwé! Ìwé dà? Àbí ká fọwọ́ kọ ọ́?"

Ó fi agbọ̀n sílẹ̀, ó lọ ṣí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ kọ̀, kò ṣí. Ẹ̀rọ ní áàpù tó yẹ kó ṣí i wà nínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

Ó nawọ́ gán fóònù, ó ròyìn fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà àbùjá kọ́ nìyẹn! Áàpù gan-an lẹ gbé jù! Ṣé ẹ ti da agbọ̀n nù?"

"Atẹ̀wé ò jẹ́ kí n ráyè."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ fà wọ́n padà síbi tẹ́ ẹ ti kó wọn."

Ó fà wọ́n padà. "Gbogbo sẹ́tíǹgì mi ti lọ nìyẹn! Ìgbà wo ni n ó tún un ṣe tán?"

"Ẹ ṣí i ná."

Ó ṣí i. Ààlà wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, kò sí ohun kan tó yẹ̀.

"Sẹ́tíǹgì kì í bá áàpù wọ agbọ̀n," àbúrò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbé."

Ìyá Ìwé fò sókè, ó jó yí tábìlì ká. Ìyá ìyàwó náà dìde, ó bá a jó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìwé ṣì gbóná nígbà tí ìyá ìyàwó kó o lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́, ọwọ́ Ìyá Ìwé tún ń yún un. Ó kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó mú ìgbálẹ̀ gidi, ó kọjú sí ilẹ̀ yàrá. Atẹ̀wé ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè lórí àga.

"Ẹ rọra o, Ìyá Ìwé! Èmi náà kì í ṣe ọ̀nà àbùjá!"