Aṣọ Ìyàwó Tí Mo Fi Di Ìpá

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìpá yọ sí mi lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni mo ń sá fún nígbà náà.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ òkè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ìyá mi wà ní Ìpapó, ó ń ṣe gààrí. Bàbá mi ti kú kí n tó dákan mọ̀, ẹnu mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pe "bàbá mi." Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbé òkúta ńlá tí a fi ń fa òwú le níwájú òfì, nǹkan kan yọ ní ìsàlẹ̀ ikùn mi lápá ọ̀tún, ó tó ẹyin adìyẹ. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bí mo bá dìde, á tún yọ.

Ta ni mo fẹ́ tú ṣòkòtò fún? Ìyá mi? Ká má rí i. Àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́? Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti máa pè mí ní onípá. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọkùnrin tó bá ní ìpá kò lè bímọ. Èmi nìkan sì ni ìyá mi bí. Ká ní bàbá mi wà láyé ni, òun ni ǹ bá fi hàn.

Ni mo bá lo ọgbọ́n orí tèmi. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń hun, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì le dáadáa. Èwo ló tún dára tó o fún dídì? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hun aṣọ ìyàwó kan tán, búlúù tó ní funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú. Mo gé díẹ̀ níbẹ̀, mo wé e mọ́ ìdí àti itan, mo fà á le, mo wọ ṣòkòtò lé e. Ó bùṣe. Nínú aṣọ tó gùn tó yẹn, ta ló máa mọ̀?

Ọ̀gá mi mọ̀. Kò sí aṣọ tí í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò ní kọ́kọ́ wọ̀n. Ó wọn èyí lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí.

"Ìwọ lo hun ún, ìwọ náà lo ká a. Níbo ni ìyókù wà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ yẹn ló kó bá mi, torí ọ̀gá mi lè fara da ohun gbogbo àfi olè. Ó pe ìyá mi lórí fóònù pé kó wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀.

Ìyá mi gun ọ̀kadà láti Ìpapó, gààrí ṣì wà lápá rẹ̀. Kí ọlọ́kadà tó yí orí padà, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fiyè dénú. Ọmọ mi kì í jalè. Èmi ni mo tọ́ ọ."

Inú bí mi, sí ara mi ni. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ nítorí pé ojú ń tì mí láti tú ṣòkòtò. Ó yá, kí wọ́n kúkú máa pè mí ní onípá títí lọ, ó sàn ju kí wọ́n pè é ní ìyá olè.

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo gé e. Mo máa fi hàn yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá mi bọ́ síta ná."

Ìyá mi bọ́ síta. Mo tú aṣọ náà, ara mi ti bó lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi wo aṣọ, ó wo ìpá. Mo ti ń retí ẹ̀rín. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká dàńṣíkí rẹ̀ sókè, ó tú okùn ṣòkòtò tirẹ̀ díẹ̀. Àpá gígùn kan wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún bíi tèmi.

"Wo tèmi. Ọdún tí mo fẹ́ ìyàwó ni dókítà ṣe é. Ọmọ mélòó lo bá nílé mi?"

"Mẹ́rin, sà."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Òmùgọ̀. Aṣọ ìyàwó oníyàwó." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

Ní ọsibítù tí ọ̀gá mi àti ìyá mi gbé mi lọ, nọ́ọ̀sì ní kí bàbá ọmọ wá fọwọ́ síwèé. Ìyá mi yíjú sí ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi gba bírò. "Èmi nìyí," ló wí. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n gbà mí láyè láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ní, "Onípá ti dé." Mo ní, "Onípá àná ni. Ìwọ ńkọ́, o ti yẹ tìẹ wò?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá mi ti bẹ ìyàwó tó ni aṣọ náà pé kó ṣe sùúrù. Òwú tuntun kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nítorí náà èmi ni mo máa hun gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sídìí òfì, mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí.

"Ó lé," ó ní. "Ó fi ìwọ̀n èyí tó o gé lé."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó lé, bàbá mi."