Òdòdó Ìsàlẹ̀ Abọ́

Abọ́ tánganran kan wà nílé mi tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bu ọbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí lórí rẹ̀, wọ́n ní àfi bí ẹni pé mò ń bọ ọ́. Etí rẹ̀ ti họ, ó ti ń dípẹtà, ṣùgbọ́n òdòdó pupa tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn dáadáa. Nígbà mìíràn, mo máa ń rọ omi ẹ̀rọ kún un, màá wo òdòdó náà, màá sì da omi nù. Omi ẹ̀rọ kọ́ ni àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Abúlé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ẹ̀jìgbò lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn: ilé bíi méjìlá, mọ́ṣáláṣí kékeré kan, àti odò kan tí gbogbo wa ń mu. Ilẹ̀ tó dára jù ní abúlé náà ló da gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ odò yìí, òfin sì wà lórí rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni èèyàn lè ṣán an. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ẹni tí kò tíì ṣán tirẹ̀ ti pẹ́ jù nìyẹn. Kò gbọdọ̀ fi àdá tàbí ọkọ́ kàn án mọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn yóò fi dé. Ilẹ̀ tí a bá ṣí sílẹ̀ lójú òjò, àgbàrá ni yóò gbá a lọ sínú odò, àwa la ó sì mu ún.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ni obìnrin tó dàgbà jù ní abúlé, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ odò wà. Ní àsìkò òjò, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, èmi ni mo máa ń pọn omi àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà á rọ ọ́ kún abọ́ tánganran yẹn dé etí. Bí òdòdó ìsàlẹ̀ bá hàn, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò lọ sódò. Bí kò bá hàn, á rán èèyàn lọ wá ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ gẹ̀rẹ́. Onítọ̀hún á gé imọ̀ ọ̀pẹ, á fi bo ibi tó ṣí, ọ̀rọ̀ á parí. Omi inú abọ́ kì í ṣòfò. Òun ni Ìyá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá ìrun wàláhà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta girama, ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Á kàn tẹrí ba síwájú abọ́ bí ẹni tó ń wò ó, á wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, ṣé mo rí òdòdó? Èmi ni mo di ojú rẹ̀, mo sì ń fi ṣakọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọdún yẹn ni bàbá mi dé láti Àbíjáàn. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí òun àti ìyá mi fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Ọ̀hún ni wọ́n bí àwọn àbúrò mi sí. Abọ́ yẹn gan-an, bàbá mi ló fi rán èrò sí ìyá rẹ̀. Ó dé tòun ti báàgì kan ṣoṣo àti Faransé. Bí wọ́n bá kí i, á ní “sà fà”, pé dáadáa ni, àwọn àgbà á sì máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ àwọn ti dòyìnbó. Èmi ló ń pè ní “ma fíì”, ìyẹn ni pé ọmọbìnrin òun. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.

Ó fẹ́ padà wá gbélé. Bí oko bá bọ́ sí i lọ́dún yẹn, yóò ránṣẹ́ pe ìyá mi àti àwọn àbúrò mi. Bí kò bá bọ́ sí i, yóò padà sọ́hùn-ún. Mo ti pín yàrá fún gbogbo wa lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣáájú rẹ̀ dé. Àwọn ẹbí ti gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, àfi èyí tó wà ní gẹ̀rẹ́ odò. Ìyá Àgbà ní kó ní sùúrù di ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá mi ní òun ò lè káwọ́ lérí, kí ìyá òun máa bọ́ òun fún odindi oṣù méje. Kò bá a jiyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lọ pọ́n àdá.

Ẹ̀yìn igbó ọparun ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń lọ sódò kò ti lè rí i. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo rí ilẹ̀ pupa tó ṣí sílẹ̀, mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó bó ṣe ń jẹun. Ó ní díẹ̀ ni, àgbàdo lásán ni, kò lè dé odò. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, òjò rọ̀ bí ẹni tú u dà. Omi tí mo pọn láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ìyá Àgbà rọ ọ́ kún abọ́. Kì í ṣe òdòdó nìkan ni n kò rí, n kò rí ìsàlẹ̀ abọ́ pàápàá.

“Ṣé o rí òdòdó?”

“Mo rí i, Ìyá.”

Ohùn mi kò gbọ̀n. Títí di òní, ó ń dùn mí pé kò gbọ̀n.

Ìyá Àgbà gbé omi náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀. Ó sọ fún àwọn obìnrin pé òjò àná ló ru odò sókè, pé yóò tòrò. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì lọ pọn ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ méjèèjì yìí, inú àwo kan náà ni Ìyá Àgbà àti bàbá mi ti ń jẹun. Ó ń sọ ìjàngbọ̀n tí bàbá mi dá sílẹ̀ ní kékeré fún wa, bàbá mi ń sẹ́, a sì ń rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ kí Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo tún ti parọ́, ìyá ọlọ́mọ kan láti ilé kejì gbé kọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ wá síwájú Ìyá Àgbà. Ó ní ọmọ òun ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná. Ìyá Àgbà ti ìka bọ ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù, ó fi àtàǹpàkò ra ohun tó bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pe bàbá mi.

“Gé imọ̀ ọ̀pẹ, kí o lọ bo ibi tí o ṣí.”

“Màámi, tí mo bá bò ó, mò ń padà lọ nìyẹn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

A jọ bò ó ni. Ó ń gé imọ̀, mo ń rù ú, ó sì ń tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń daṣọ bo ọmọ tó sùn. Kò pè mí ní “ma fíì” lọ́jọ́ náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ara ọmọ yẹn ti yá, omi ti tòrò, bàbá mi sì ti wọkọ̀ ní Ẹ̀jìgbò. Fọ́tò ni mo fi mọ bí àwọn àbúrò mi ṣe ń dàgbà.

Ìgbàkígbà ni wọ́n ń ṣán gẹ̀rẹ́ náà báyìí. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń la odò yẹn kọjá, kò sì sí ẹni tó ń mu ún. Bí mo bá débẹ̀, mo máa ń dúró títí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà, tìbínú-tìbínú ni. Mo ní irọ́ ni mo pa, pé n kò rí òdòdó kankan, pé bí òun náà bá ti dákẹ́ ni, à bá wà pọ̀. Ó gba abọ́ tánganran tó wà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi omi yẹn ṣan ẹnu nínú àlùwàlá, yẹ̀pẹ̀ ló kún ẹ̀yìn eyín mi.”

Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò fi sọ̀rọ̀ títí ó fi di ọjọ́ kẹta.

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò fi rí ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà sọ. “Mo ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta rí i.”