Ẹni Tí Kì Í Gba Orí Òkú Kọjá

Bí mo bá ti rí manẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbá géèmù, Tàǹtí mi tó ń yan gàrí ní Sakété ni mo máa ń rántí. Bó bá ti ọjà dé, á nu ọwọ́ mọ́ ìró, á ní fún àwa ọmọ ilé, "Ó yá, ẹ gbé e fún mi."

Géèmù tó fẹ́ràn jẹ́ ti ilẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa wọ́n. Ọmọbìnrin kan ń mú àbúrò rẹ̀ sá, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lẹ́yìn àwọn sójà. Òkú kún ojú ọ̀nà. Àwa á gba orí wọn kọjá. Tàǹtí á yà fún òkú, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ibẹ̀ ni àwọn sójà á ti rí i, wọ́n á pa á, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Tàǹtí, àwòrán lásán ni o!"

"Ẹ̀yin ẹ máa gbà á lọ. Èmi ò ní torí pé mo fẹ́ borí gba orí òkú kọjá."

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn tí gbogbo wa ń bẹ̀rù pa ìyá arúgbó kan ládùúgbò. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Pobè. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọlé tọ òkú rẹ̀. Tàǹtí fi aṣọ di imú, ó so ọ̀rá mọ́ ọwọ́, ó mú aṣọ funfun dání. A dúró lókèèrè, à ń pariwo pé kó padà. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ la gbọ́ nínú yàrá:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o."