Àlàáfíà Tí Mo Kí ní Mòrókò

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ìdájí ni a ti ilẹ̀kùn ilé wa ní Forney, ìlú kékeré kan nítòsí Dallas ní Texas, èmi àti Dámilọ́lá ọmọ mi, pẹ̀lú báàgì mẹ́rin tí mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ tèmi. Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá ni à ń lọ sí Mòrókò, láti wo ìlú àtijọ́, òkè ńlá àti aṣálẹ̀. Ìwé tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wa sọ pé èrò mẹ́jọ péré ni àwọn ń kó, kí a lè rí bí àwọn ènìyàn gidi ṣe ń gbé ayé. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi ara mi pé àwọn wo wá ni ènìyàn ayédèrú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi lọ, nítorí kì í ṣe pé ó wù mí. Ìyá mi wà ní Ìsẹ́yìn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, ti òsì ń ṣe bàìbàì. Dallas ni mo bí Dámilọ́lá sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ìlú Farmers Branch, orí fóònù nìkan ló sì ti mọ ìyá àgbà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kó jẹ́ ká lọ, "We'll see, Mummy" ni. Nígbà tó wá ní Mòrókò ni òun fẹ́ fi ìsinmi òun lọ, torí òun fẹ́ràn culture, mo ní ó dáa, màá bá a lọ, ṣùgbọ́n tó bá di Disẹ́ńbà, òun náà á bá mi lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó tún ní, "We'll see." Ohun tí mo lọ wá ní Mòrókò nìyẹn: mo fẹ́ gba "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́nu ọmọ mi.

A wọ ọkọ̀ òfurufú méjì. Nígbà tí a fi dé Casablanca, orúnkún mi ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò máa mú wa kiri dúró dè wá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó ní Brahim ni orúkọ òun. Bùráímọ̀ ni mo ń pè é láti ọjọ́ náà, nítorí bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, ó sì ń jẹ́ mi. Àwọn mẹ́fà yòókù, òyìnbó Texas ni gbogbo wọn. Èyí tí mo máa dárúkọ nínú wọn ni Linda, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Allen, tó mú ìwé kékeré kan dání tó ń kọ gbogbo nǹkan sí. Bí adìyẹ bá kọjá, Linda á kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Fez, ilé kan tí wọ́n ń pè ní riyad ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Agbo ilé ni. Yàrá yí ká, àgbàlá wà láàárín, omi sì ń tú jáde níbẹ̀. Irú ilé tí baba baba mi kọ́ nìyẹn, àfi pé tiwọn ní táìlì aláràbarà lára ògiri. Linda dúró láàárín àgbàlá, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun. Mo sọ fún Dámilọ́lá pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìsẹ́yìn, pé ṣe la wó tiwa ká tó rí ààyè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Mummy, can we just enjoy it?" ló fi dá mi lóhùn.

Mo ní mò ń gbádùn ẹ̀.

Ọ̀nà inú ìlú àtijọ́ náà há tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. "Balak" ni ẹni tó ń dà á máa ń ké, ìyẹn ni pé ẹ yàgò. Búrẹ́dì roboto kan, dírámù méjì nínú owó wọn, kò tó ìdá mẹ́rin dọ́là kan. Ife tíì kan tí wọ́n ki ewé mínítì sí, dírámù mẹ́wàá, bíi dọ́là kan. Ṣúgà inú rẹ̀ tó láti dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ ni mò ń ṣe nọ́ọ̀sì fún. Oúnjẹ wọn ni tájín, ẹran àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n rọra sè nínú ìkòkò amọ̀ tí ìdérí rẹ̀ ga ṣóńṣó. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ata inú rẹ̀ kò lè pa eṣinṣin.

Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n kó wa lọ wo ahunṣọ. Àwa mẹ́jọ yí bàbá kan ká níbi tó ti ń hun aṣọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, à ń ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni pé ó ń fò lókè. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n bí mi sí, ta ni kò mọ ìdí òfì? Èmi fúnra mi ti ran òwú títí ìka mi fi bó. Mo sá nídìí òwú, mo kàwé, mo di nọ́ọ̀sì, mo dé Texas, mo wá fi ìsinmi mi padà wá wo òwú. Mo sọ èyí fún Linda. Ó ní, "How wonderful," ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Inú ọjà ìlú àtijọ́ yẹn náà ni ìgbéraga ti wọ̀ mí lára. Mo gbọ́ tí alẹ́fọ̀ọ́ kan ń pe àlùbọ́sà ní "basla". Mo tún gbọ́ tí ẹlòmíràn ń pe òwú inú fìtílà ní "ftila". Wọ́n ní "baraka", àwa ní àlùbáríkà. Ẹnu yà mí, inú mi sì dùn, kí n má parọ́. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo dìde dúró, mo sọ fún gbogbo wọn pé èdè wa náà ni èdè àwọn ará ibí, pé èmi ò nílò ògbufọ̀ mọ́.

Bùráímọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Slowly, Mama."

Ọjọ́ kẹrin la gun òkè. Ọ̀nà títì náà tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí kòtò kan lójú rẹ̀. Mo wá kòtò títí, ojú ọmọ Nàìjíríà ni mo fi wá a, mi ò rí. Kọ́nà ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó sì bì sínú ọ̀rá. Wọ́n dúró nínú igbó kan kí a lè wo ọ̀bọ. Ọ̀bọ tí à ń fi kànnàkànnà lé lóko àgbàdo baba mi, Linda fún un ní ẹ̀pà, omi sì bọ́ lójú obìnrin náà. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Dámilọ́lá má baà rí ẹnu mi.

Ilé ìyá arúgbó kan lórí òkè náà ni a ti fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Lálà Fàtímà ni wọ́n ń pè é. "Lálà" yìí ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, bí àwa ṣe ń sọ pé Màmá. Ilé amọ̀ ni. Ìyá náà jókòó ti ààrò níwájú ilé, ó ń yọ búrẹ́dì nínú rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Labas?" Bùráímọ̀ ti kọ́ wa pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣé kò sí aburú. Àwọn òyìnbó dúró gbọnrangandan, wọ́n ń sọ pé "Hi". Ojú gbà mí tì. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, mo kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀, mo gbóhùn sókè.

"Àlàáfíà, Màmá. Àlàáfíà ni o. Àlàáfíà nínú ilé yìí."

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó fò dìde, ó wo ẹ̀yìn, ó wo òrùlé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú garawa omi, èéfín ààrò ló kọ́kọ́ rí, ó sì da gbogbo omi náà sínú ààrò. Búrẹ́dì ọ̀sán wa di ògì.

Èmi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bùráímọ̀ di ikùn mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, "al-afya", iná ni. Ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ kò fẹ́ máa dárúkọ iná gan-an, torí orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe iná ọ̀run àpáàdì, ni wọ́n bá fi orúkọ àlàáfíà pè é, bí àwa náà ṣe ń pe ejò ní okùn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. "So, Mama, you knelt down," ó ní, "and you shouted fire, fire, fire in this house."

Dámilọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Linda ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

Ìyá náà kò bínú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde, ó mú mi jókòó tì í lórí ẹní, kò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Bùráímọ̀ ń túmọ̀. Ó bi mí bóyá ìyá tó bí mi wà láyé. Mo ní ó wà, ní Nàìjíríà. Ó ní ìgbà wo ni mo rí i gbẹ̀yìn. Mo nawọ́ sí Dámilọ́lá, mo ní ọmọ mi yìí kò tíì fojú kàn án rí, pé ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká lọ. Ìyá náà mi orí. Ó tún béèrè, Bùráímọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́: ìwọ ńkọ́?

Dámilọ́lá ló dáhùn. "Eleven years. Ẹ ò lọ láti ìgbà tí wọ́n sin Grandpa, Mummy. Every December, ẹ máa ń pick up extra shifts." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.

Ojú tì mí ju ti iná lọ. Tí ẹ bá bi mí ní Forney, màá sọ fún yín pé ọ̀nà kò dáa, pé àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, pé ibi iṣẹ́ kò fún mi láyè. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni pé kí n má lọ dé iwájú ìyá mi, kó fọwọ́ kan ojú mi, kó béèrè pé ta nìyí. Mo wá fi ọmọ bojú.

Ìyá náà tún béèrè ọ̀rọ̀ kan. Bùráímọ̀ ní, "She asks, is there an ocean between here and your mother?" Bùráímọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ìyá náà lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí òkun, iyanrìn ni.

A jẹ tájín láìsí búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Aṣálẹ̀ ló kàn. Wọ́n gbé wa gun ràkúnmí, ẹranko tó máa ń wo ènìyàn bí ẹni pé ènìyàn ló ń rùn. Ní ọjọ́rọ̀, Bùráímọ̀ mú èmi àti Dámilọ́lá gun òkìtì iyanrìn kan tó ga ju ilé wa ní Forney lọ. Ó nawọ́ sí gúúsù. Ó ní ọ̀nà ilé wa nìyẹn, pé ọ̀nà yẹn ni àwọn baba àwọn ń kó iyọ̀ gbà nígbà láéláé. Mo wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju iyanrìn lọ. Dámilọ́lá ya fọ́tò rẹ̀. Mo retí pé kó sọ nǹkan nípa Disẹ́ńbà, kò sọ ọ́, èmi náà kò lẹ́nu láti béèrè.

Marrakesh la ti wọ ọkọ̀ òfurufú padà. Wọ́n ń gbé ejò kọ́ àlejò lọ́rùn ní gbàgede ibẹ̀, wọ́n sì ń gbowó. Ó yẹ kí n bú wọn, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa bú ènìyàn.

Ọjọ́ kejì tí a délé, láàárọ̀ tiwa, tí ọ̀sán ti pọ́n ní Ìsẹ́yìn, mo pe ìyá mi. Dámilọ́lá jókòó ti tábìlì, ó ń mu kọfí, mo sì gbé fóònù sí sípíkà.

"Ẹ káàsán, Ìyá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àdùkẹ́."

"Àdùkẹ́ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

Kọfí fẹ́rẹ̀ẹ́ pá Dámilọ́lá lórí. Mo sọ fún ìyá mi pé a rin ìrìn àjò lọ sí Mòrókò. Ó ní níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ilẹ̀ Áfíríkà náà ni, lókè lọ́hùn-ún, tí ènìyàn bá ti kọjá ilẹ̀ Hausa, lẹ́yìn aṣálẹ̀.

"Ṣé òkun wà láàárín àwa àti àwọn?"

"Kò sí òkun, Ìyá. Iyanrìn ni."

Mo ń gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

"Ẹ dé ìtòsí," ó ní, "ẹ ò wá yà."

Bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún aládùúgbò tó gba iwájú ilé kọjá ló sọ ọ́, kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Dámilọ́lá dìde, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Màmá àgbà, ẹ káàsán. Dámilọ́lá ni. A máa ya." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló pè é, ya, bí ẹni tó fẹ́ fa nǹkan ya.

"Kí lẹ máa ya?" Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé aṣọ ni?"

"Ní December," Dámilọ́lá ní. Kò wo ojú mi. "Èmi àti Mummy. A máa wá."

"Ẹ tètè wá o. Ojú tó kù yìí, mo fẹ́ fi rí yín."

Nígbà tí a bá a sọ̀rọ̀ tán, mo pe ibi iṣẹ́ mi, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ti Disẹ́ńbà. Ọmọbìnrin tó gbé e béèrè bóyá ìrìn àjò mìíràn ni mo tún ń lọ. Mo ní rárá, ilé ni mò ń lọ.