Mọ́tò Tí Ìpẹtà Jẹ Nísàlẹ̀

Awakọ̀ takisí náà dúró fún wa ní Apọ́ngbọ̀n. Ó wo ojú ìyàwó mi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wú, ó sì mú ọwọ́ kúrò lára ìlẹ̀kùn tó fẹ́ ṣí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí èèyàn bá kú sínú mọ́tò mi, ta ni yóò tún wọ̀ ọ́?"

Etígbọ̀ọ́ ìyàwó mi ló ti sọ ọ́. Ìyàwó mi fà mí lápá pé ká máa lọ.

Nǹkan bí ọdún mélòó kan kí òmìnira tó dé ni èyí. Ọkàn rẹ̀ ni dókítà sọ pé ó ń ṣàìsàn. Bó bá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ wà lódìkejì afárá, a sì gbọ́dọ̀ máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò lè dúró nínú bọ́ọ̀sì, àwọn onítakisí sì ti ń mọ̀ wá lójú. Bí n kò bá wá ohun tí yóò máa gbé e lọ, inú yàrá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò kú sí, níṣojú mi.

Tíṣà ni mí. Mọ́tò tí agbára tíṣà ká kò pọ̀. Mẹkáníìkì kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ní méjì fún títà lẹ́yìn Èbúté Èrò. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ wo ara rẹ̀. Ẹ lè fi fá irùngbọ̀n bí ẹ kò bá ní dígí."

"Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnì yẹn dà bí àbíkẹ́yìn ọmọ. Bó bá wù ú, yóò dáhùn. Bí kò bá wù ú, ẹ ó pè é títí."

Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Òyìnbó kan ló ni ín tẹ́lẹ̀, etí ọ̀sà ní Màríínà ló sì ń gbé e sí, tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń fẹ́ sí i lára. Ìpẹtà ti jẹ ìdí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ó ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé mo rí iyanrìn láti inú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó tan án, ẹ́ńjìnì rẹ̀ dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun.

"Èyí kì í purọ́," ó ní. "Ikán irin ló kàn jẹ ara rẹ̀."

"Ṣé kò ní já bọ́ lójú ọ̀nà?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa já, ọ̀gá. Kò ní já lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo dúró láàárín méjèèjì. Mo ń rí ara mi lórí afárá, ẹ́ńjìnì ti kú, ìyàwó mi ń wá èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ń fun fèrè. Mo sọ fún ara mi pé ìtìjú nìkan ni ìpẹtà lè mú bá mi, ìtìjú kì í sì í pa aláìsàn. Mo ra aláwọ̀ ewé.

Àǹtí ìyàwó mi ló wá ń bá wa gbé láti máa tọ́jú rẹ̀. Aránṣọ ni, ìran àwọn tó ti Bùràsíìlì padà bọ̀ ni wọ́n, ìdílé tí kì í jáde láìlọ aṣọ. Ó jáde sí ojúde, ó yí mọ́tò náà po.

"Ọkọ ìyàwó, apẹ̀rẹ̀ lẹ rà bọ̀ yìí?"

"Mọ́tò ni, Mà."

"Mo rí i. Ṣé òun náà mọ̀ pé mọ́tò lòun?"

Àwọn aládùúgbò ti pé jọ láti kí wa kú oríire. Àǹtí bu omi tútù, ó gbàdúrà pé ọ̀nà yóò tutù fún wa, ó sì wọ́n ọn sínú ọkọ̀. Omi náà kò dúró rárá, ó gba ilẹ̀ mọ́tò jáde sórí iyanrìn.

"Ẹ gbà mí o!" obìnrin ilé kejì kígbe. "Mọ́tò tíṣà ń tọ̀!"

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi há, tí a ní láti gbé e wọlé.

Kí ojú má baà tì wá, Àǹtí tẹ́ ẹní sórí ihò wọ̀nyẹn, ó tún tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jáde, ó fi ṣọ́ọ̀lù di àyà ìyàwó mi, ó sì ní kí n ti gbogbo wíńdò pa. Lọ́dọ̀ wa, a kì í jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ sí aláìsàn láyà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo tì wọ́n pa.

A kò tíì dé àárín afárá tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ aṣọ ọrùn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti di dúdú. Ìgbà náà ni èmi náà gbóòórùn èéfín. Páìpù èéfín tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ti lu, èéfín ń gba ihò ilẹ̀ wọlé, ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì kò sì lè dá a dúró. Mo fi tipátipá ṣí wíńdò. Ó yọ orí síta, ó ń gbé atẹ́gùn mì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Mẹkáníìkì dí ojú ihò páìpù náà, ó kan páànù mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìpẹtà jẹ ibi tí ìṣó dì mú, páànù sì bọ́, ihò páìpù náà sì tún ṣí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba èyí padà, kó fún mi ní dúdú. Wọ́n ti rà á lọ. Láti ìgbà náà, wíńdò ṣíṣí la fi ń rìn, Àǹtí yóò sì máa kùn lẹ́yìn pé a fẹ́ fi òtútù pa ọmọ òun.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, kò lè dùbúlẹ̀ mọ́, kò sì lè jókòó. A gbé e sínú mọ́tò. Bí a ṣe gun orí afárá ni òjò dé, ó sì ń gba wíńdò na ìyàwó mi lójú àti láyà.

"Ẹ tì í!" Àǹtí ń kígbe láti ẹ̀yìn. "Òjò ń pa ọmọ mi!"

Mo ní kí Àǹtí nawọ́ yí wíńdò sókè. Èéfín kún inú ọkọ̀. Ìyàwó mi fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dígí, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Àǹtí ṣí i padà, ó ń sunkún. Òjò tún wọlé. Mo rọra ń dẹ ẹsẹ̀, mo fẹ́ dúró, n kò mọ ohun tí n ó dúró ṣe.

"Ẹ má dúró," ìyàwó mi ní.

N kò dúró. Ẹ́ńjìnì kò kọsẹ̀. Nígbà tí a dé, àwọn nọ́ọ̀sì gbé àga onítáyà wá, wọ́n gbé e lé e. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ tó ti rin gbingbin ṣe, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Ẹ lọ gbé mọ́tò yín kúrò. Ẹ ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn."

Mo lọ gbé e kúrò. Ó pẹ́ kí n tó rí ààyè. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, Àǹtí sì dúró níta rẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀lù tútù náà mọ́ àyà. "Kò dúró dè yín," ó ní.