Ọjọ́ Tí Ìyá Oníbúrẹ́dì Di Ará Gánà

Orí ẹrù ni ìyá àgbà jókòó sí, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ẹrù náà kì í ṣe tirẹ̀. Àpò ńlá méjì ni, wọ́n fi okùn dì wọ́n pọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wọn. Mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń kó èèpo sínú agbọ̀n. Pàkà, pàkà, ni ẹ̀gúsí ń ró lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kí i, á dáhùn, á tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá oníbúrẹ́dì ló ni ẹrù. Gánà ló ti wá, ó sì ti gba yàrá kan lọ́wọ́ ìyá àgbà kí n tó gbọ́njú. Ẹ̀yìn ilé wa ló mọ ààrò amọ̀ rẹ̀ sí. Láràárọ̀, n ó máa gbọ́ bó ṣe ń po fùláwà lórí tábìlì, gbì, gbì, lẹ́yìn náà òórùn búrẹ́dì á wọlé bá mi lórí ẹní. Èyí tó bá jóná létí, tèmi ni. Nírọ̀lẹ́, òun àti ìyá àgbà á jọ jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ata, wọ́n á máa sọ èdè Gánà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òfófó ni.

Ìyá àgbà ti gbé Gánà rí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ta aṣọ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà, títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí àwọn àjèjì máa lọ. Ọmọ tó pọ̀n àti aṣọ ara rẹ̀ ló kó délé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba tiwa náà sọ lórí rédíò pé kí àwọn àjèjì máa lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìyá oníbúrẹ́dì ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, ẹnìkan tó wá ra búrẹ́dì ní, "Ará Gánà yẹn dà?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kárí ẹnu gbogbo wọn. Wọ́n ń wá wo ààrò rẹ̀, wọ́n ń wo páànù tó fi ṣe òrùlé rẹ̀, bí ẹni ń wo ẹran ọdún. Ọ̀rọ̀ sì jáde pé àwọn ọ̀dọ́ kan máa gba ẹrù rẹ̀ kó tó dé gáréèjì. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi jókòó lé e láti àárọ̀, tó ń dúró de dẹ́rẹ́bà kan, ọmọ ìjọ Aládùúrà rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Télọ̀ òdìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ dé, ó gbé téèpù kọ́rùn. Gánà lòun náà ti padà wálé.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó o."

"Òo. Ṣé abẹ́rẹ́ kán ni, tó o fi ń rìn kiri?"

"Abẹ́rẹ́ kọ́. Ẹ dìde lórí ẹrù ará Gánà yìí. Wọ́n gba ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù yín. Àbí ẹ ti gbàgbé?"

"Mo gbàgbé kẹ̀? Èmi tí mo pọn ọmọ rìn dé bọ́dà?"

"Ó dáa náà. Tiwọn ló kàn."

Ìyá àgbà fẹ́ èèpo kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. "Nígbà tí wọ́n ń lé wa, ọmọ tó ń ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀ lobìnrin yìí. Ṣé òun ló lé wa?"

"Ará Gánà ni, Ìyá."

"Lọ́jọ́ tó gbé búrẹ́dì wá síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ ńkọ́, kí lo pè é?"

Télọ̀ wo ẹrù, ó wo ìyá àgbà. Ta ló máa ti àgbàlagbà ṣubú lójú gbogbo àdúgbò? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti di ará Gánà pátápátá."

"Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé síbí. Lọ́hùn-ún, ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Mi ò tíì kú."

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ìyá oníbúrẹ́dì jáde, ìyá àgbà bá a wọ̀ ọ́, ó tún jókòó lórí ẹrù náà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Ìrọ̀lẹ́ ló padà. Bó ṣe ń fọ ẹsẹ̀, ó sọ fún mi pé, "Tí àwọn tó mọ orúkọ rẹ bá ti ń fi orúkọ ìlú pè ọ́, di ẹrù rẹ. Wọn ò rí ojú rẹ mọ́."

A kò gbúròó ìyá oníbúrẹ́dì mọ́. Télọ̀ ṣí páànù orí ààrò, ó fi bo ilé ìdáná rẹ̀. Ìyá àgbà dúró lójú ọ̀nà, ó kí i: "Páànù ti délé, o kú oríire. Búrẹ́dì dà?"

Mo dàgbà, mo lọ sí orílẹ̀-èdè kan tí n kò ní dárúkọ, mò ń dirun níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí mo ti ń dirun fún tipẹ́, tó máa ń pe orúkọ mi dáadáa, jókòó lórí àga mi, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mo wà lọ́dọ̀ ará Nàìjíríà kan." Mo di irun rẹ̀ tán. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo di ẹrù mi. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n dáná sun àdúgbò yẹn. Àwọn kan nínú àwa ọmọ Nàìjíríà ibẹ̀ ti ní ojo ni mí, wọn ò bá mi jáde. N kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ báyìí. Ẹ̀bá ọ̀nà àbájáde ni mo gbé àtẹ mi sí. Bàbá kan láti Òkè Ọya ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúkọ àkọ́bí rẹ̀ sì ni gbogbo wa fi ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìròyìn burúkú kan lórí rédíò, obìnrin kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró síwájú mi nígbà tí bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpò rẹ̀, ó ní, "Gàǹbàrí yẹn ti dé?"

Mo wo ọ̀nà àbájáde. N kò láyà bíi ti ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n mo gbé àpótí tí mo fi ń jókòó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àlùbọ́sà, mo jókòó. Mo sì kí bàbá náà kú ọjà, mo pe orúkọ rẹ̀ sókè kí gbogbo ìlà wa gbọ́. Ó jẹ́ mi. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àlùbọ́sà.

N kò ní kọ orúkọ náà síbí, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí n tó pàtẹ òwú mi, mo máa ń pè é sókè.