Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Asúnwọ̀n, Ẹsẹ̀ Òsì Rínrín

"Na ẹsẹ̀ òsì wá kí n rí i."

Màmá bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí odó kékeré ni wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ fún omi ewé sínú igbá, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé kan. Ẹ̀gà ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Mo na ẹsẹ̀ òsì.

Kí n tó sọ ohun tó ń já mi láyà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣe ìyá yìí. Ní abúlé wa lọ́nà Àkànràn, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn tí àwọn àgbà ń fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó, màmá bàbá mi ni gbogbo obìnrin ń gbé ọmọ aláìsàn wá bá. Ṣùgbọ́n wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ewé tí wọn ò tíì dán wò. Ara tiwọn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi omi ewé ra apá wọn láàárọ̀, wọ́n á máa wò ó títí oòrùn á fi wọ̀. Bó bá jẹ́ mímu, wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n mu ọ̀kan, gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi ń sáré lọ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà ló ni èyí."

Lọ́dún yẹn, làpálàpá mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ń lọ sílé ọkọ, èmi ni wọ́n ní kí n ru igbá ìyàwó tẹ̀lé e nígbà tó bá ń sun ẹkún ìyàwó kiri agbo ilé. Igbá yìí ni mo ń rò sùn, òun ni mo ń rò jí. Àfi bí ìyá ìyàwó ṣe rí ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ làpálàpá kan ò ní ru igbá ọmọ àwọn.

Inú màmá bàbá mi ní tiwọn dùn. "Ẹsẹ̀ méjì, ewé méjì." Wọ́n so òwú funfun mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún, asúnwọ̀n ni tirẹ̀. Wọ́n so òwú dúdú mọ́ tòsì, rínrín tó ń hù lẹ́bàá ìkòkò omi ni tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀tún fi ń gbẹ. Tòsì kò mira. Ọjọ́ ìyàwó sì ń bọ̀. Ni mo bá ń yọ́ lọ sídìí igbá asúnwọ̀n nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ sóko, mo ń fi ra òsì náà. Mo gbọ́n, àbí?

Wọ́n wá yẹ ẹsẹ̀ òsì tí mo nà yìí wò, wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rínrín náà ṣiṣẹ́." Wọ́n kọjú sí obìnrin ilé kejì tó gbé ọmọ jòjòló wá. Làpálàpá bo ẹ̀yìn ọmọ náà. "Asúnwọ̀n le. Bí ọmọ bá lá a, á máa ṣu gbuuru. Rínrín tutù, òun ni kí o máa fi ra á lẹ́yìn."

Obìnrin náà ń dúpẹ́, ó ti ń pọn ọmọ padà. Ojú tì mí, àánú ọmọ náà ṣe mí, igbá ìyàwó sì ń dùn mí lọ́kàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé ọjọ́ márùn-ún.

"Ìyá, ẹ má fún un ní rínrín. Asúnwọ̀n ni mo ń fi ra méjèèjì."

Mo ti sún sẹ́yìn síbi tí ọwọ́ wọn ò ti ní bà mí. Wọn ò nà mí. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ẹsẹ̀ òsì ni mo bi léèrè. Kí ló dé tí ìwọ fi bá a dáhùn?" Wọ́n yíjú sí ìyá ọmọ. "Gba asúnwọ̀n. Ẹ̀yìn ló wà, ahọ́n ọmọ rẹ ò gùn débẹ̀." Wọ́n tún kọjú sí mi. "Ìwọ, rínrín nìkan lẹ́sẹ̀ òsì, títí oṣù tuntun á fi lé."

"Ìyàwó ńkọ́, Ìyá?"

"Ìyàwó á lọ. Kò ní dúró de ẹsẹ̀ rẹ."

Làpálàpá tó kù lẹ́sẹ̀ òsì bá tún gbilẹ̀. Ọmọ mìíràn ló ru igbá. Mo sunkún ju ìyàwó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, àfi bí màmá bàbá mi ṣe fà mí wọ àárín àwọn obìnrin, wọ́n ká ìró mi dé orúnkún. "Ẹ wo ọ̀tún. Ẹ wo òsì. Bí ẹ bá ń já ewé, ẹ rántí." Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Ìyàwó fúnra rẹ̀ dá ẹkún dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin ilé kejì tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn wọ́n, ó ń dán. Ó ki àkàrà gbígbóná bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Àpá làpálàpá yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ òsì mi, kò tóbi ju èékánná lọ. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá gbé oògùn wá, tí wọ́n ń búra pé gbogbo ẹni tó lò ó lara rẹ̀ yá, wọ́n máa ń rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?